Àṣìṣe Bàbá Pobẹ̀

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá àgbà mi ní Pobẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n ní kó ka ìtàn ayé rẹ̀ fún àwọn tó wá. Ó kà á títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó ka ilé ìwé tí Bàbá lọ, ó ka oyè tí Bàbá gbà, ó ka àwọn ìlú òyìnbó tí Bàbá ti dúró sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn èèyàn ń mi orí. Iwájú ni mo jókòó sí, inú sì ń bí mi, nítorí òótọ́ ni gbogbo ohun tó kà, síbẹ̀ n kò rí bàbá àgbà mi nínú rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ́lẹ̀ yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ gílóòbù. Kò sọ pé ó máa ń bá rédíò jiyàn bí ẹni pé rédíò ń gbọ́ ọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé kò mẹ́nu kan àṣìṣe rẹ̀ rárá. Àwọn àgbà ilé ti fẹnu kò pé a kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí òkú. Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹnu kò. Bí a bá yọ àṣìṣe yẹn kúrò nínú ayé rẹ̀, ẹlòmíràn la sin.

Bàbá Pobẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìsàbá ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Barnabé Àkàngbé ni orúkọ tó wà nínú ìwé rẹ̀. Kútọnu ló ti ń kọ́ni ní yunifásítì, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wálé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìṣirò wá bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn nínú okùn dígí, àwọn okùn tín-ín-rín bí irun tí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti àwòrán ń gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀ àti lábẹ́ òkun. Kì í fọwọ́ kan okùn náà fúnra rẹ̀. Kò ní ẹ̀rọ, kò ní yàrá àyẹ̀wò. Ohun tó ní ni bébà, bíìkì ìkọ̀wé, àti pátákó dúdú kan tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó máa ń sọ fún wa pé bí okùn dígí bá tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ á jò jáde níbi tó ti tẹ̀ náà, bí omi ṣe ń jò lára rọ́bà. Bí ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe ń jò ni ó fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wá, ohun tó rí níbẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ ní òkè òkun.

Ìyẹn kò yé àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí ìròyìn dé Pobẹ̀ pé ọmọ Àkàngbé ti di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀, ilé wa ni wọ́n ń wá bí iná mànàmáná bá ti lọ. Ẹlòmíràn á gbé tọ́ọ̀ṣì tó bàjẹ́ dání. Bàbá kì í lé wọn. Á fún wọn ní àga, á bu omi fún wọn, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́, bó ṣe ń hùwà bí ìgbì omi, tó tún ń hùwà bí hóró àgbàdo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, aránṣọ kan tí iná lọ nígbà tó ń rán aṣọ ìyàwó jókòó gbọ́ àlàyé yìí títí dé òpin. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ so, ó ní, "Pròfẹ́sọ̀, mèsì o, a dúpẹ́. Àmọ́ a ò bèèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá. Ibi tó lọ la wá bèèrè." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Bá a bá ń ti Pobẹ̀ lọ sí Sàkétè, ìrìn àjò kúkúrú ni, àfi tó bá jẹ́ Bàbá ló ń wakọ̀. Ìgò epo kpáyò, epo ọkọ̀ fàyàwọ́ tí wọ́n ń tò sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà ni ọ̀tá wa. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ti ta sí àwọn ìgò náà, tí epo inú wọn pupa dòdò, Bàbá á dá ọkọ̀ dúró, á bọ́ sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ níwájú tábìlì bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù. Obìnrin tó ń tà á á ti gbé àrọ tó fi ń da epo dìde.

"Lítà mélòó, Bàbá?"

"Mi ò rà, ọmọ mi. Mò ń wò ó ni."

"Wíwò náà lówó o, Bàbá!"

Á wá rà á bí ojú bá tì í, kódà bí epo bá kún inú ọkọ̀. Ìyá àgbà mi, tí àwa ń pè ní Ìyá Yoko nítorí pé Yoko ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, kì í fi ojú rere gba àwọn ìgò náà. Ó ní ilé òun ti ń rùn bí ibùdókọ̀, pé bí ọkùnrin mìíràn bá wo ohun tó rẹwà, kì í gbé e wálé.

Òun náà, Ìyá Yoko, ní ipò tirẹ̀ nínú iṣẹ́ Bàbá. Bàbá ní òfin kan tí n kò gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ní: kò ní fọwọ́ sí iṣẹ́ kankan láìjẹ́ pé ó ti fi Ànàgó, Yorùbá tiwa níbí, sọ ọ́ tán fún ìyàwó rẹ̀. Faransé ló fi ń rò ó, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣùgbọ́n Ànàgó ló fi ń dán an wò. Ìyá Yoko á jókòó, á máa bó ẹ̀gúsí. Bàbá á dúró tì í, á máa ju ọwọ́ sókè sódò. Ìyá Yoko kì í dá sí i, nígbà tó bá sì yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé. "Bó bá ti sùn, a jẹ́ pé mo ti sọ ọ́ gùn jù," ni Bàbá máa ń wí, á sì padà lọ gé e kúrú. Ìyá Yoko ní irọ́ ni, òun kì í sùn, òun kàn ń dijú kí òun má bàa bú ọkọ òun ni.

Nídìí oúnjẹ, Bàbá máa ń mọ̀ọ́mọ̀ pa irọ́ fún àwa ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti wo ẹni tí yóò já a. Á bu òkèlè, á ní, "Àbí ẹ ò mọ̀ pé òṣùpá tóbi ju oòrùn lọ ni?" Ẹni tó bá ní, "Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀," ló máa gba ẹran tó tóbi jù nínú àwo rẹ̀. Ìyá mi kórìíra eré yìí dé góńgó. Ó ní a kì í já àgbà nírọ́, pé ọmọ tó bá kọ́ irú rẹ̀ nílé yóò dán an wò níta, wọn yóò sì gbá a létí. Bàbá fún ọmọ tó jẹ̀bi ní ẹran tirẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbá a létí. Ẹnu rẹ̀ á ṣì wà níbi tó wà, á ṣì lè sọ òótọ́."

Mo ṣàárò rẹ̀ jù nídìí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí àárò parọ́. Bàbá tó ń fún wa lẹ́ran nílé yìí, ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Kútọnu. Òótọ́ ni pé ó ní kí wọ́n bi òun léèrè ohun gbogbo, kí wọ́n sì ta ko òun. Àmọ́ bí ìbéèrè kan kò bá mú, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á tẹjú mọ́ olúwarẹ̀, á ní, "Ṣé o sùn dáadáa lánàá?" Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ẹni yẹn kò sì ní la ẹnu mọ́ títí ọdún á fi parí. Ẹnu rẹ̀ ń pè wọ́n, ojú rẹ̀ ń lé wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Mo gbà pé kò mọ̀, títí ọ̀rọ̀ Ráfíù fi ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Sàkétè ni Ráfíù, ọmọ Alájì Músílíù tó ń ta aṣọ ní ọjà. Bàbá ló ń tọ́ ọ sọ́nà nínú ìwé tí yóò fi gba oyè dókítà ní yunifásítì, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn bíi tirẹ̀. Gbogbo Sátidé ni Ráfíù máa ń gun alùpùpù wá sí Pobẹ̀, tí àwọn méjèèjì á sì dúró níwájú pátákó títí oúnjẹ ọ̀sán á fi tutù. Mo mọ èyí nítorí pé ọ̀dọ̀ Bàbá àti Ìyá Yoko ni mò ń gbé nígbà náà, tí mò ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ráfíù kì í kọ ẹ̀yìn sí Bàbá, kì í jókòó bí Bàbá bá dúró, ọwọ́ méjèèjì ló sì fi ń gba ẹfun lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ìṣirò tó sọ Bàbá di olókìkí yẹn, ti ìmọ́lẹ̀ tó ń jò, ni Ráfíù kọ́ gbogbo ìwé tirẹ̀ lé. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí yóò dúró gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, èyí tí a ń pè ní sutenáǹsì. Iṣẹ́ olùkọ́ ń dúró dè é ní yunifásítì. Alájì ti pe àwọn ẹbí, àgbò sì ti wà ní ìso.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ tí nǹkan dàrú. Bàbá ń fi Ànàgó sọ ìwé Ráfíù fún Ìyá Yoko kó tó fọwọ́ sí i. Ó sọ ọ́ dé ibi tí okùn dígí ti tẹ̀. "Ìmọ́lẹ̀ á jò jáde níbẹ̀," ó ní, "á lọ." Ọwọ́ tó ń jù dúró lókè. Mo gbójú sókè kúrò nínú iṣẹ́ ilé ìwé mi. Ó tún un wí jẹ́ẹ́, "Á lọ," bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tí kò gbọ́ iyọ̀. Ó wá yí padà sí pátákó. Okùn dígí ní èèpo tí wọ́n fi bò ó, bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà bo wáyà. Nínú ìṣirò tí Bàbá ṣe láti ọjọ́ yìí wá, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti jò ti lọ nìyẹn. Kò ro èèpo yẹn mọ́ ọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan èèpo, díẹ̀ nínú rẹ̀ á ta padà, á tún wọlé, á sì da èyí tó kù nínú rú. Ó ṣe ìṣirò náà, ó nù ún, ó tún un ṣe. Òjò dá, kò mọ̀. Nígbà tó jókòó níkẹyìn, ẹfun ti kún irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn láti ọjọ́ yìí."

Ní Sátidé, ó fi pátákó han Ráfíù. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé omi wá. Ráfíù wo ìṣirò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì ya ẹnu. Ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ohun tuntun ló rí. Bàbá ń wo ojú yẹn.

"O ti mọ̀."

Ráfíù sorí kọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti èṣín, Pròfẹ́sọ̀. Iye tí mò ń rí lórí kọ̀ǹpútà ò bá tiyín mu. Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo ṣì í."

"Nígbà tó o wá rí i pé kì í ṣe ìwọ ńkọ́?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ ọ́?" Ráfíù yíjú sí pátákó. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ṣé èmi ni màá wá sọ fún yín pé ẹ ṣìṣe?"

Ó ti yọ àwọn iye tí kò bára mu kúrò nínú ìwé rẹ̀. Kò yọ wọ́n láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ó yọ wọ́n bí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ṣe ń yí ojú kúrò bí ìró àgbà bá tú. Bàbá ò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ráfíù, ṣé bí mo ṣe burú tó nìyẹn?"

Ìjà tó tẹ̀ lé e ni ìjà ńlá kan ṣoṣo tí mo rí láàárín òun àti Ìyá Yoko. Bàbá ní sutenáǹsì kò lè wáyé bẹ́ẹ̀, òun yóò kọ̀wé sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ òun jáde pé kí wọ́n fà á padà, Ráfíù yóò sì tún ìwé rẹ̀ ṣe. Ìyá Yoko gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó fi orúkọ àkọ́bí wọn pe Bàbá.

"Bàbá Tóyìn, ẹ jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gba ìwé rẹ̀ ná. Bó bá gbà á tán, kẹ́ ẹ wá tún tiyín ṣe. Àwọn tó fẹ́ bi í ní ìbéèrè ò mọ̀. Àwọn òyìnbó ò mọ̀. Ta ló mọ̀?"

"Èmi mọ̀. Òun náà mọ̀."

"Ẹ̀yin méjì péré náà ni?"

"Méjì ti pọ̀ jù," ni Bàbá wí.

Ìyá Yoko kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, àfi "oúnjẹ ti wà ńlẹ̀". Lójú mi nígbà náà, Ìyá Yoko ló tọ̀nà. Nígbà míì, ó ṣì máa ń rí bẹ́ẹ̀ lójú mi. Iṣẹ́ tó ń dúró de Ráfíù kò dúró, ẹlòmíràn ló gbà á.

Bàbá ò jẹ́ kí Ráfíù lọ sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun, a sì lọ bá Alájì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Sàkétè. Alájì rí ojú wa, ó rò pé ọmọ òun ló dẹ́ṣẹ̀. Kí Bàbá tó sọ gbólóhùn kan, Alájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú sí i, Pròfẹ́sọ̀. Ọmọdé ni. Ohunkóhun tó bá ṣe, ẹ lù ú, mo fọwọ́ sí i."

"Alájì, èmi ni mo ṣìṣe. Ọmọ yín rí i, kò lè sọ ọ́ fún mi. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

Alájì bojú wẹ̀yìn, ó fa aṣọ ẹnu ọ̀nà wálẹ̀. "Ẹ rọra sọ ọ́, Pròfẹ́sọ̀," ó ní, "àwọn ará ọjà ń gbọ́."

Bàbá ò rọra sọ ọ́. Àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde fà á padà. Àwọn tó máa ń pè é sí òkè òkun kò pè é mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àga ọ̀gá tí gbogbo èèyàn rò pé yóò jókòó lé ní yunifásítì sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. N kò gbọ́ kó ráhùn. Ohun tí mo rí ni pé Sátidé yí padà. Ráfíù ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ báyìí, òun ló ń di ẹfun mú, Bàbá á sì jókòó pẹ̀lú orín lẹ́nu kó má bàa dá sí i. Ìyà ńlá ni. Mo máa ń rí i tó ń jẹ orín náà bí ẹni tó ń jẹ ìrèké. Lọ́jọ́ kan Ráfíù sọ fún un, ohùn rẹ̀ kéré, pé ìlà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tọ́ka sí kò tọ́. Bàbá yọ orín lẹ́nu, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Má sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ." Láti Sátidé dé Sátidé, Ráfíù kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí sutenáǹsì wá wáyé, gbogbo wa lọ sí Kútọnu. Alájì wọ agbádá funfun. Ráfíù sọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Faransé tó já gaara: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń jò, ibi tó ń kàn, bó ṣe ń padà wọlé, àti ìdí tí ìṣirò àtijọ́ fi kùnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ ààrẹ ìjókòó náà ṣí ìwé.

"Ìṣirò tí ẹ ní ó kùnà yìí," ó ní, "iṣẹ́ ta ni?"

"Iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá kan ni, ọ̀gá."

"Mo mọ̀. Ta ló ṣe é?"

Ráfíù pa ìwé tó wà níwájú rẹ̀ dé. Ó wo ilẹ̀. Bàbá wà lórí àga láàárín àwọn tó ń bi í ní ìbéèrè. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì fi Ànàgó sọ̀rọ̀ níwájú gbogbo àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn.

"Ráfíù, dárúkọ ẹni náà."

"Pròfẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kí o dárúkọ rẹ̀."

Ráfíù bojú wo bàbá rẹ̀. Alájì ń mi orí gidigidi pé rárá, kó má dán an wò. Mo mọ̀ pé bó bá tún yí ojú kúrò, yóò gba oyè náà síbẹ̀, wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún un, Bàbá yóò sì mọ̀ pé gbogbo ohun tó sọnù sọnù lásán. Ráfíù gbé ojú sókè. Kò wo ààrẹ. Bàbá gan-an ló wò.

"Barnabé Àkàngbé ló ṣìṣe," ó ní. "Mo rí i, mi ò sì sọ ọ́. Ìyẹn ni àṣìṣe tèmi."

Kò fi Bàbá sí i, kò fi Pròfẹ́sọ̀ sí i. Alájì fi agbádá bo ojú. Bàbá yíjú sí ààrẹ, ó ní, "Ó tọ̀nà. Ẹ máa bá ìbéèrè yín lọ."

Wọ́n fún un ní oyè náà. Lẹ́yìn ìyẹn, níta, Alájì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yanrìn pẹ̀lú agbádá funfun, ó ń bẹ Bàbá pé kó má gégùn-ún fún ọmọ òun. Bàbá fà á dìde, ó gbọn yanrìn kúrò láyà rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí a ṣe ń padà sílé, èmi ni mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá Yoko ń sùn lẹ́yìn. A ti kọjá Sàkétè nígbà tí Bàbá yíjú sí mi.

"O gbọ́ bó ṣe pè mí?"

Mo ní mo gbọ́. Mo rò pé ó dùn ún. Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi tù ú nínú, ni mo bá wo ojú rẹ̀. Omi ń ṣàn wá sínú irùngbọ̀n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín.

"Láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú ni mo ti ń kọ́ni," ó ní. "Òun lẹni àkọ́kọ́ tó pè mí bí ẹgbẹ́ rẹ̀."